Ẹ̀yin onírun, ẹ yéé fi ẹnu yín lé oníbàárà lọ

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú ṣọ́ọ̀bù onírun kan l'Ékòó, mo jókòó, mò ń retí kó kàn mí. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo níta, diráyà méjì ń hó nínú ilé, àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta sì ń ya átáṣímẹ́ǹtì sí wẹ́wẹ́. Obìnrin kan wọlé, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ sì di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Obìnrin náà tú síkáàfù tó wà lórí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ẹ́ dirun. Kí màdáàmù tó ni ṣọ́ọ̀bù tó kí i káàbọ̀, ó ti tọwọ́ bọ irun rẹ̀, ló bá figbe ta pé: "Háà! Àǹtí, irun wo rèé? Ṣé ẹ kì í fọ̀ ọ́ ni? Ẹ wò ó bó ṣe le bíi kànìnkànìn! Òòyà mi máa kán síbí o. Owó tiyín á yàtọ̀."

Ló bá di ẹ̀rín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà tó wà lábẹ́ diráyà rẹ́rìn-ín. Kí n má parọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kódà, obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí bá wa rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, wọ́n dirun fún un, irun náà sì dára. Ó sanwó, ó dúpẹ́, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, èmi àti obìnrin yìí pàdé nínú dánfó. A kí ara wa, mo sì bi í bóyá ó ṣì ń dirun lọ́dọ̀ màdáàmù yẹn. Ó ní: "Ọ̀dọ̀ ta ni? Ọjọ́ yẹn ni mo débẹ̀ kẹ́yìn. Mo mọ̀ pé irun mi le, kò sí ohun tí wọ́n máa sọ sí i tí mi ò tíì gbọ́ rí. Ṣùgbọ́n nígbà tá a délé, ọmọ mi lọ dúró níwájú díńgí, ó wá bi mí pé, 'Mọ́mì, ṣé irun tèmi náà burú ni?' Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ẹ́ dá a lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà. Òun ló sì jẹ́ kí n gbé e wá sójú ìwé okòwò yìí, níbi tí a ti máa ń sọ̀rọ̀ owó, gbèsè, ọjà àti èrè. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ okòwò, pé àwọn pásítọ̀ àti àwọn ààfáà ló ni ín. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ irun, ìwà pẹ̀lẹ́ wà lára ọjà tí ẹ̀ ń tà. Ẹni tó ń ta irun tó rẹwà, tó wá ń fi ìtìjú ṣe ènì lé e, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó kúrò lórí igbá.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe ìṣirò rẹ̀ wò. Ká ní obìnrin yẹn ń ná ₦6,000 nígbàkigbà tó bá wá, kó sì máa wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. ₦12,000 nìyẹn lóṣù kan, ₦144,000 sì ni lọ́dún. Ẹ má gbàgbé pé obìnrin kì í dá mọ onírun tó dáa kó má sọ fún ẹlòmíì. Bó bá mú àbúrò rẹ̀ kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ wá, owó àwọn mẹ́ta ti di ₦432,000 lọ́dún. Ọmọ ọdún méje yẹn náà á dàgbà, á máa dirun, a ò tíì ka tiẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo owó yìí ni màdáàmù wa fi ra ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó tún wá burú jù níbẹ̀ ni pé kò mọ̀. Oníbàárà tí wọ́n bá bú kì í sábà jà, kì í sì í fẹjọ́ sùn. Ńṣe ló máa rẹ́rìn-ín, tó máa sanwó, tí kò sì ní padà wá mọ́. Nígbà tí ọjà bá wá dá, màdáàmù á ní ayé ló ń ṣe òun, á ní ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì ló ń fi oògùn fa oníbàárà òun. Oògùn wo? Bóyá ẹni yẹn kàn ń kí èèyàn káàbọ̀ ni.

Mo mọ̀ pé nǹkan le, mi ò sì sọ pé kò le. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 nígbà náà ti fò sókè, ó sì ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Owó átáṣímẹ́ǹtì, owó ìpara, owó ṣọ́ọ̀bù, kò sí èyí tí kò gbówó lórí nínú wọn. Onírun kò lè pàṣẹ kí náírà lágbára, kò sì lè ní kí wọ́n má mú iná lọ. Ṣùgbọ́n "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ jókòó, ẹ kú oòrùn" kò mu epo jẹnẹrétọ̀, wọn kì í sì í kó o wọlé láti òkè òkun. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ rere nìkan ni owó rẹ̀ kò tíì wọ́n. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣà òyìnbó ni mo fẹ́ẹ́ kó bá wa. Láyé àtijọ́, àárín ẹsẹ̀ onídìrí ni ẹni tó fẹ́ẹ́ dirun máa ń jókòó sí, á gbé orí lé e nítan, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ títí irun á fi parí. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ orí ṣeré. Wọ́n ní orí là bá bọ, à bá fòrìṣà sílẹ̀. Ẹni tí èèyàn bá fọkàn tán ló máa ń gbé orí fún. Ẹ tún wo òòyà. Bí wọ́n bá fi òòyà ránṣẹ́ sí èèyàn ní àrokò láyé àtijọ́, ìyapa ló túmọ̀ sí. Irinṣẹ́ kan náà tó ń tún orí ṣe, òun náà ló ń ya èèyàn méjì. Èyí tó máa ṣe nínú méjèèjì, ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló wà.

Ẹ sì wo irun táwọn ìyá wa ń dì: ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Irun tí à ń pè ní líle lónìí náà ni wọ́n fi ṣe gbogbo ọnà yẹn. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya irun orí àwọn obìnrin wa ní 1968. Àwòrán irun tó yà tó nǹkan bí 1,000, irun dídì wà níbẹ̀, irun tí wọ́n fi òwú kó náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbé àwọn àwòrán náà lọ sí ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ òkèèrè, àwọn òyìnbó sì ń rọ́ lọ wò wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onídìrí wa ni wọ́n ń wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣé irun tó burú ni wọ́n á gbé kọ́ ara ògiri báyẹn?

Kí ló wá dé tí ẹnu fi mú báyìí nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù? Bí èmi ṣe wò ó, èébú yìí kì í ti ọ̀dọ̀ màdáàmù bẹ̀rẹ̀. Inú ilé wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mélòó nínú wa ni kò tíì gbọ́ kí òbí sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Bó ò bá kàwé, màá mú ẹ lọ kọ́ṣẹ́ irun ni"? Bí ẹni pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fẹ́ẹ́ mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà á ṣe dé ibi iṣẹ́ pẹ̀lú èrò pé òun ti kùnà láyé. Níbẹ̀, wọ́n á ní kó lọ pọnmi, kó pọn ọmọ màdáàmù, kó fọ aṣọ ilé. Bó bá ṣi irun ṣe, wọ́n á gbá a létí níwájú oníbàárà. "Olódo." "Orí ẹ ò pé." "Wo bí ọwọ́ ẹ ṣe rí." Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ohun tó ń gbọ́ nìyẹn láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tó bá wá ṣe fíríìdọ̀mù, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á fún un ní sàtífíkéètì. Ṣùgbọ́n gbogbo èébú tó ti gbọ́ wà nínú ẹrù tó dì lọ sí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ló ṣe máa tọ́ ẹlòmíì. Á bú ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ á fa oníbàárà nírun, màdáàmù fúnra rẹ̀ á bú oníbàárà, oníbàárà á gbé e relé. Ọmọ ọdún méje tó lọ dúró níwájú díńgí yẹn, òun ni èébú náà wá balẹ̀ sí lórí. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀nà rẹ̀ jìn? Nínú gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà yìí, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù nìkan ló lágbára láti gé e. Òun ló ń gba oníbàárà sílé, òun ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun ló sì máa pinnu irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa sọ nínú ilé náà.

Ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni mo ti fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ọmọdé ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sì ka irú wọn sí, kì í ṣe ẹrú. Mi ò ní kí ẹ má bá ọmọ wí o. Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbàgbé sílé. Bí ọmọ bá ṣi irun ṣe, ẹ pè é sẹ́yìn, ẹ fi bó ṣe yẹ kó ṣe é hàn án, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe. Bó bá ṣe dáadáa, ẹ sọ ọ́ sétí oníbàárà pé, "Ọmọ yìí ló ya irun yìí o, ọwọ́ ẹ̀ ti dáa." Ẹ ó rí i bí ojú ọmọ náà á ṣe tàn. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó dé, á ti gbálẹ̀.

Ó tún ní èrè tiẹ̀ lórí okòwò. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń nà kì í pẹ́ sá lọ, bó bá sì sá lọ, gbogbo ìgbà tí ọ̀gá fi kọ́ ọ ti ṣòfò. Èyí tí kò sá lọ lè máa jí ìpara kó láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, á ní òun ń gba ẹ̀tọ́ òun ni. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kà sí èèyàn, òun ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ara ọ̀gá kò bá yá, tí owó ọjọ́ yẹn á sì pé.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má fojú kékeré wo ara yín. Ẹni tí kò ka ara rẹ̀ sí kò lè ka ẹlòmíì sí. Mélòó nínú àwọn tó gba dìgírì lónìí ló jẹ́ pé owó irun dídì ni ìyá wọn fi rán wọn níléèwé? Ẹni tó ń san owó ṣọ́ọ̀bù, tó ń bọ́ ọmọ iṣẹ́, tó ń san owó ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ẹgbẹ́, tó tún ń gbọ́ bùkátà ilé, oníṣòwò gidi ni. Kò gbọ́dọ̀ máa sọ pé "iṣẹ́ irun lásán ni mò ń ṣe". Kí ni lásán níbẹ̀?

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó yẹ kí gbogbo onírun mọ ìtàn rẹ̀. Sarah Breedlove lorúkọ rẹ̀, Madam C. J. Walker ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n bí i ní 1867 ní ìpínlẹ̀ Louisiana, sínú ẹbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Alágbàfọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí irun orí rẹ̀ ń já ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè fi tọ́jú irun àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ni wọ́n kọ́ níṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ àti aṣọ fífọ̀ nìkan ló wà fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní 1917, ó kó àwọn tó ń bá a tajà jọ sí ìlú Philadelphia, wọ́n lé ní 200, ó sì fún wọn lẹ́bùn. Kì í ṣe àwọn tó tajà jù nìkan ló fún o. Ó tún fún àwọn tó ṣe àánú jù ládùúgbò wọn lẹ́bùn. Obìnrin yìí kò fi ọjà ṣeré, nígbà tó sì fi máa kú ní 1919, ó wà lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó lówó jù ní Amẹ́ríkà. Bí ẹni tó mọ owó ṣíṣe tó bẹ́ẹ̀ bá ń fún oníwà rere lẹ́bùn níbi ìpàdé oníṣòwò, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ṣùgbọ́n o, kí ọ̀rọ̀ mi yé yín dáadáa. Ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe irọ́ dídùn. Onírun tó ń rẹ́rìn-ín sí oníbàárà, tó wá ń fi pamọ́ fún un pé irun iwájú orí rẹ̀ ti ń tán lọ, kò ṣe é lóore. Irun tí wọ́n bá ń fún jù, tí wọ́n ń dì lé ara wọn láìsinmi, ó máa ń fa irun tu láti ìdí, pàápàá ní iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí. Bó bá pẹ́, ojú ibẹ̀ lè má hu irun mọ́ láéláé. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá ní "Ó ń dùn mí o", ẹ má sọ fún un pé ẹwà kì í wá láìsí ìnira. Ẹ dẹ̀ ẹ́. Ọmọdé tó bá ń sunkún lórí àga, ẹ dẹ tiẹ̀ ju ti àgbà lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìpara tó ń na irun, tí à ń pè ní rílásà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùwádìí nípa ìlera lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí obìnrin 33,497. Wọ́n rí i pé ewu jẹjẹrẹ ilé ọmọ lára àwọn tó lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín ọdún kan ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí kì í lò ó lọ. Àrùn náà kò wọ́pọ̀, ìwádìí náà kò sì sọ pé gbogbo ẹni tó bá lo rílásà ló máa ní in. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tó yẹ kí onírun mọ̀, kó lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún oníbàárà tó ń wá ṣe é lóṣooṣù pé, "Ẹ jẹ́ ká fún un láyè díẹ̀." Oníbàárà tó ní òun fẹ́ ẹ náà ló ni orí rẹ̀, ẹ má bú u. Èyí tó sì fẹ́ fi irun rẹ̀ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ẹ má bú òun náà.

Ti àwọ̀ ara ló tún ń dùn mí jù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ti sọ ọ́ di ọ̀nà ìtajà: wọ́n á wo oníbàárà lójú, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ ti dúdú jù, kí ló ṣe yín? Mo ní kíríìmù kan tó máa là yín." Wọ́n á kọ́kọ́ dá egbò sí i lọ́kàn, wọ́n á wá ta oògùn egbò náà fún un. NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn ìpara ìbóra tó ní mẹ́kúrì nínú, nítorí ó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Èrè orí ike kíríìmù kan kò tó ohun tí ẹ ó máa torí ẹ̀ ba ara ọmọ ẹlòmíì jẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ báyìí: "Akọ̀ròyìn, o ò mọ oníbàárà. Bó o bá rọ̀ jù, wọ́n á gùn ẹ́ gàlègàlè." Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n á dé ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, wọ́n á ní dandan ni kí irun parí. Àwọn kan á dirun tán, wọ́n á ní àwọn á fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, owó náà kò ní dé títí di òní. Àwọn kan á máa sọ̀rọ̀ sí onírun bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin náà ń bẹ níbẹ̀ o. Ẹni tó fi wákàtí márùn-ún dúró lórí ẹsẹ̀ nítorí ẹwà yín, ẹ kí i, ẹ sanwó rẹ̀ pé.

Ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹ kọ iye owó irun kọ̀ọ̀kan sára ògiri, kó hàn gbangba, kó má di pé ojú oníbàárà lẹ fi ń díye lé e. Bí irun bá pọ̀ tàbí bó bá gba àsìkò, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀, kí owó tó yàtọ̀ má baà dà bí ìjìyà. Ẹ gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kí ẹ fi àyè sílẹ̀ de òun. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó san ti àná kí ẹ tó ṣe ti òní. Kò sí èébú kankan nínú gbogbo èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó máa gùn yín.

Èyí tó kù kò ṣòro. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ irun ẹnikẹ́ni, ẹ kí i, ẹ ní kó jókòó, ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ẹ. Bó bá ní èépá, tàbí tí irun rẹ̀ ń já, tàbí tí egbò wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ̀ sí i létí, ẹ sọ ọ́ fún òun nìkan, ẹ wí ohun tó lè ṣe sí i. Bó bá jẹ́ ohun tó ju agbára yín lọ, ẹ ní kó lọ rí dókítà. Bí oníbàárà kan bá jáde, ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù, nítorí àwọn tó kù náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí ẹ máa sọ bí àwọn náà bá jáde. Kò sí èyí tó ń ná èèyàn ní kọ́bọ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Mo tún padà ronú nípa ọmọ ọdún méje yẹn. Ká ní màdáàmù wo ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Irun yín pọ̀, ó sì kún dáadáa. Ó máa gba àsìkò díẹ̀ o, ₦1,000 ló máa fi lé iye tẹ́ ẹ rí lára ògiri." Kó wá yíjú sí ọmọ náà, kó ní, "Ìwọ náà ńkọ́? Irú irun yìí ló máa ń gba ṣùkú gidi." Owó kan náà ló máa gbà. Òòyà kan náà ló máa lò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ yẹn bá délé tó dúró níwájú díńgí, kò ní í bi ìyá rẹ̀ bóyá irun òun burú. Á bi í pé ìgbà wo làwọn tún ń padà lọ.

Èmi tí mo bá wọn rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mo ti kọ́gbọ́n tèmi. Èébú kì í dùn bí kò bá sí ẹni tó ń bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní inú dídùn ló ń mórí yá. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé orí ni iṣẹ́ yín wà, ẹ̀yin ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ìyẹn.